Ẹja Kọ́ Ló Wà Nínú Agbọ̀n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín. Ìyá àgbà kan ni mí ní Àgbádárìgì. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, mo sì ti pinnu pé mi ò ní gbé e wọlẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Kíláàsì mẹ́rin péré ni mo kà nílé ìwé. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fò ó.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ọmọbìnrin kan wá sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Senami lorúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní apá Ọ̀tọ̀ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí ó kọ ìtàn ohun kan ní ìlú rẹ̀, ó sì mú ìtàn ilé ìkàwé wa. Wọ́n sọ fún un pé èmi nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà àtijọ́. Ó fẹ́ mọ bí ilé ìkàwé náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó tún fẹ́ mọ bí ìwé ńlá ibẹ̀ ṣe sọnù.

Èmi ni mo mọ bí ó ṣe sọnù. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹlòmíràn ni wọ́n dá lẹ́bi, mo sì panu mọ́. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi yẹn, bàbá ìyá Senami ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ó ṣe rí.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbálẹ̀ níbẹ̀, yàrá méjì péré ni ilé ìkàwé náà. Páànù ló wà lórí rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀sà. Àwọn ọmọ ilé ìwé láti Tọ́pò máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá lọ́sàn-án. Mo máa ń gbé omi sílẹ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀, nítorí iyanrìn etí ọ̀sà kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Wọn á jókòó sí àwọn tábìlì gígùn náà, wọn ò ní pariwo. Àwọn kan kò ní ìwé kankan nílé àfi èyí tí wọ́n bá kà lọ́dọ̀ wa.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀. Ọ̀gá là ń pè é. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, yóò gbé àga méjì sábẹ́ igi àgbọn tó wà níwájú, yóò mú àgbàlagbà kan nílùú jókòó, yóò máa bi í bí ilé ìkàwé náà ṣe di ohun tó dà. Ta ló yọ̀ǹda ilẹ̀? Ta ló po yẹ̀pẹ̀? Ilé wo ló kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀? Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ló ń kọ sínú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, tó sì le. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń kọ ọ́, kò sì ní ẹ̀dà kankan. Ó máa ń sọ pé gbogbo ìwé tó kù níbẹ̀, àwọn ará ibòmíràn ló kọ wọ́n, ṣùgbọ́n èyí, tiwa ni.

Ọ̀gá yìí kan náà ló kọ́ mi kàwé dáadáa. Bí mo bá ti gbálẹ̀ tán, á mú ìwé àwọn ọmọdé kan fún mi, á ní kí n ka ìlà mẹ́ta kí n tó lọ. Bí mo ṣe ń kọ̀wé sí yín lónìí, òun ló ni í.

Bàbá Mautin ni mẹ́gáàdì wa. Ègùn ni, ará Tọ́pò, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń ní Ègùn nínú. Kò mọ ìwé kà rárá. Ṣùgbọ́n ìwé kankan kò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń lọ sílé pẹ̀lú ìwé kan ní abíyá. Bàbá Mautin dúró níwájú rẹ̀, ó dá a padà, àfi ìgbà tí Ọ̀gá lọ kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mautin tí wọ́n fi ń pe bàbá yìí, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ó ti ka gbogbo ìwé tó wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ tán, ó ti ń na ọwọ́ sí ti òkè.

Ìjì kan jà ní ọjọ́ Ẹtì kan, ní àsìkò òjò. Ó ṣí páànù kúrò lórí yàrá kejì, gan-an níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù Ọ̀gá wà. Ọ̀gá kò sí nílùú, ó lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní di ọjọ́ Ajé. Èmi àti Bàbá Mautin la gbọ́n omi, a fi tapólì bo òkè. Nígbà tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìwé ńlá ti wú bí ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sómi. Ìwé ọmọdé mẹ́rin tí Ọ̀gá fẹ́ tún lẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n tutù rinrin.

Òjò kò sì dá. Oòrùn kankan kò sí tí mo lè sá wọn sí.

Àwa obìnrin etí ọ̀sà mọ bí a ṣe ń gba ẹja lọ́wọ́ òjò. A kì í dúró de oòrùn. Èèpo àgbọn la máa ń kó sínú ààrò, èyí tí kò gbẹ tán, kí ó má baà jó, kí ó kàn máa rú èéfín. A ó tẹ́ ẹja sórí wáyà, a ó fi páànù bò ó. Láti kékeré ni ìyá mi ti fi kọ́ mi. Mo wo àwọn ìwé yẹn, mo sọ fún ara mi pé ohun tí kì í jẹ́ kí ẹja rà, kò ní jẹ́ kí ìwé rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lójú mi nígbà náà, ọgbọ́n ni.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé ńlá kì í jáde. Òfin Ọ̀gá ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ fún Bàbá Mautin, kò ní gbà. Mo ní kí n yára mú un gbẹ, kí n dá a padà kí Ọ̀gá tó dé, ta ni yóò mọ̀? Mo kó ìwé márààrún sínú agbọ̀n tí mo fi ń ra ẹja. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja láàárọ̀, tí mo máa ń gbé e sí ibòòji lẹ́yìn ilé ìkàwé títí mo fi máa ṣíwọ́, nítorí náà agbọ̀n yẹn kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Mo fi aṣọ bò ó.

Bàbá Mautin wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyàwó wa, kí ló wà nínú agbọ̀n?”

“Ẹja ni,” mo ní.

“Ẹja inú ilé ìkàwé? Ẹja yẹn á ti kàwé jù mí lọ.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ṣí agbọ̀n gbogbo ènìyàn wò. Kò ṣí tèmi.

Nígbà tí mo délé, mo kọ́kọ́ tẹ́ àwọn ìwé kékeré sórí wáyà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbẹ, wọ́n ń dún pàkàpàkà. Inú mi dùn. Mo wá gbé ìwé ńlá sí i. Èyí nípọn. Mò ń yí i padà bí ẹni ń yí ẹja ọ̀bọ̀kún, òde ń gbẹ, inú kò gbẹ. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo fi èèpo tó ti gbẹ kún iná. Ohun tí n kì í ṣe fún ẹja, mo ṣe é fún ìwé.

Bí mo ṣe ṣe ìyẹn tán ni obìnrin kan tó ń wá ra ẹja láti apá Sèmè dé. Mo jáde lọ bá a. A fa ọ̀rọ̀ iye owó, kò tètè tán. Nígbà tí mo padà sẹ́yìn ilé, mo rí i pé àwọ̀ èéfín ti yí padà. Ẹni tó bá ń yan ẹja mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: iná ti fẹ́ gbà. Ó yẹ kí n fi ewé tútù dí ààrò, kí n má fọwọ́ kan páànù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà mi já, mo ṣí páànù. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wọlé, iná gbà á.

Ewé ìwé méje ni mo rí yọ láàárín. Etí wọn ti pọ́n. Gbogbo ìyókù di eérú, ohùn àwọn àgbàlagbà wọ̀nyẹn di eérú nínú ààrò ẹja mi.

Mo kó ewé méje náà sínú garawa bísíkíìtì, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo dá àwọn ìwé kékeré mẹ́rin padà. Ọ̀gá dé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kò rí ìwé rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kọ́bọ́ọ̀dù náà ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Èkejì, ara ìṣó nínú yàrá Bàbá Mautin ni mo máa ń fi kọ́ bí mo bá ṣíwọ́. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn ọkùnrin méjì wá láti ọ́fíìsì tó gbà wá síṣẹ́, wọ́n kó gbogbo wa jọ, wọ́n bi Bàbá Mautin léèrè ẹni tó gbé ẹrù jáde.

“Kò sẹ́ni kankan,” ni Bàbá Mautin wí. “Ìyá Bọ́sẹ̀ nìkan ló gbé agbọ̀n rẹ̀ kọjá, ẹja ló sì wà níbẹ̀. Obìnrin yìí kì í purọ́.”

Wọ́n yíjú sí mi.

“Ẹja ni,” mo tún wí.

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Òun ni mo fi ta á. Ó bọ́ sí i pé Bàbá Mautin lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Sèmè ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ti ta ìwé náà, pé àwọn òyìnbó kan wà tó ń wá nǹkan àtijọ́ rà. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò jà. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé tábìlì Ọ̀gá, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Tọ́pò.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀. Ọmọ mẹ́rin wà nílẹ̀. Ọkọ̀ ẹja ọkọ mi ti fọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní lẹ́tà pé mo ti di òṣìṣẹ́ títí lọ níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Mi ò pè é ní àwáwí.

Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Mautin wá kàwé. Ìgbà ìkẹyìn rẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé mẹ́rin yẹn, ó gbé e sí imú.

“Ìyá Bọ́sẹ̀, ìwé yìí ń rùn bí ẹja.”

Mo ní ọwọ́ mi ni, pé mi ò fọ ọwọ́ dáadáa kí n tó nù ún. Ọmọ náà wò mí. Ó rọra gbé ìwé náà padà sórí pẹpẹ, ó lọ. Kò wá mọ́.

Ní èbúté, wọ́n fi bàbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, “Bàbá, ṣé ìwé kan ò ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín, ká fi di ẹ̀pà?” Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Mautin ń wo omi. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹja. Mi ò gbé ojú sókè. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tó fi kú.

Ọ̀gá gbìyànjú láti tún ìwé náà kọ. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo lọ kí i, mo pinnu pé n ó sọ ọ́. Mo bó ọsàn fún un. Ó ní, “Àwọn tó sọ ọ́ fún mi ti lọ tán. Ta ni kí n tún bi?” Mo tún bó ọsàn mìíràn. Mo padà sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mi lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kù.

Ó pẹ́ kí n tó lè ka ewé méje yẹn, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀gá há. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo máa ń mú wọn jáde lọ́sàn-án bí ilé bá dákẹ́. Ewé karùn-ún sọ nípa àwọn tó fi ọkọ̀ wọn kó iyanrìn wá nígbà tí wọ́n ń mọ yàrá àkọ́kọ́. Wọn kò gba nǹkan kan, wọ́n ní àwọn ọmọ àwọn yóò kàwé níbẹ̀. Orúkọ kẹta ni Hunsu, ará Tọ́pò. Hunsu ni bàbá tó bí Bàbá Mautin.

Mo ká ewé náà padà. Mi ò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ilé ìkàwé ti yí padà báyìí. Wọ́n ti wó àwọn yàrá méjì yẹn, wọ́n ti kọ́ tuntun. Àmọ́ ìtàn tí wọ́n ń sọ kò yí padà: mẹ́gáàdì kan ló jí ìwé ìlú tà. Ohun tí Senami bá kọ, àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn yóò fi ẹ̀dà kan sórí pẹpẹ. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ọmọ wa yóò máa kà.

Mo gbé àgbọn àti ẹ̀pà kalẹ̀ fún ọmọ náà. Mo sọ nípa igi àgbọn àti omi tí a fi ń ṣan ẹsẹ̀. Ó ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé bírò sílẹ̀.

“Màmá àgbà, Dàágbó mi ni mẹ́gáàdì yẹn.” Bàbá àgbà ni àwọn Ègùn ń pè ní Dàágbó. “Bó bá jẹ́ pé ó jí i, màá kọ ọ́ pé ó jí i. Mi ò ní fi bò. Ẹ ṣáà sọ bó ṣe rí fún mi.”

Kí n tó dáhùn, ó tún ní, “Ìyá mi ní kí n bi yín nípa ìwé kan tó ń rùn bí ẹja. Ó ní ẹ ó mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀yin ènìyàn, Mautin ti mọ̀. Bóyá láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti mọ̀. Ó ti di ìyá lónìí, òun ló ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ń ná Tọ́pò, ó sì ti gbé mi kọjá lọ́pọ̀ ìgbà. Ó máa ń kí mi, ó máa ń di agbọ̀n mi mú kí n lè sọ̀ kalẹ̀. Kò béèrè rí. Ó ń dúró dè mí.

Mo sọ fún Senami pé kí ó má tíì kọ apá ibẹ̀. Mo ní, “Sọ fún ìyá rẹ pé mò ń bọ̀ ní Tọ́pò ní ìparí oṣù. Ẹsẹ̀ ara mi ni n ó fi wá.”

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi bínú nígbà tí mo sọ fún un. Ó ní, “Màámi, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti kú tán. Ta ló bi yín?” Mo ní ẹni tó bi mí ti wá, ó jókòó sórí àga tó o jókòó sí yẹn. Ó ní wọn yóò bú ìdílé wa. Mo ní wọ́n ti bú ti ẹlòmíràn fún ọgbọ̀n ọdún nítorí tiwa, ká gba tiwa.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé kí n dákẹ́. Mi ò béèrè ìyẹn. Mo ti pinnu pé n ó lọ. Ewé méje náà yóò di ti Senami. N ó ní kí ó kọ orúkọ mi ní kíkún, orúkọ bàbá mi àti ti ọkọ mi, kí ó kọ ọ́ pé èmi ni, kí ó sì kọ orúkọ Hunsu àti ti ọmọ rẹ̀ síbi tó yẹ kí wọ́n wà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ṣé inú ilé Mautin ni kí n ti kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ní ìdákẹ́jẹ́, bí àgbàlagbà ṣe máa ń ṣe? Àbí èbúté ni kí n ti sọ ọ́, níwájú èrò ọkọ̀, níbi tí wọ́n ti fi bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín? Ọkàn mi ń fà sí èbúté. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ó dà bíi pé mo tún ń fi ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ṣe ìran wò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bẹ ẹni tí ẹ ṣẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Mo ti nu agbọ̀n náà, mo ti sá a. Agbọ̀n ẹja kan náà ni, mo ti tún ìdí rẹ̀ hun lẹ́ẹ̀mejì. Inú rẹ̀ ni n ó kó àwọn ewé náà sí, n ó sì fi aṣọ bò wọ́n nítorí omi. Ẹni tó bá wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó bá bi mí pé kí ló wà nínú agbọ̀n, n ó ṣí aṣọ náà fún un.

Ìwé ni, n ó wí. Ìwé ni láti ọjọ́ náà.